ORÍ BÍBẸ́ KỌ́ NI OÒGÙN ORÍ FÍFỌ́: Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ ÌLÚ ŃLÁ ÀTI ÀWỌN MẸ̀KÚNNÙ INÚ RẸ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní Èkó gba olè, ó gba ọ̀lẹ. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé kò sí irú ènìyàn tí kò lè rí ibi fìdí hẹ ní Èkó. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ìlú ńlá bá délẹ̀ láàárín àwa ọmọ Yorùbá tí a wà ní ọgbà yìí, ẹnu wa kì í kò lórí òwe náà mọ́. Ẹnì kan á ní kí ìjọba da katapílà bo Ajégúnlẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹlòmíràn á ní Mákòkó ń dójú ti Èkó lójú àwọn àlejò tí wọ́n bá ń gba orí afárá Third Mainland kọjá. Ẹni kẹta á ní kí oníkálukú padà sí abúlé bàbá rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe ènìyàn búburú. Ọ̀rọ̀ náà ni a kò tíì rò dé ìsàlẹ̀.

Nítorí náà ni a ṣe ní kí á gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa. Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ fi yé ara wa: bí ìlú bá lé tálákà, kì í ṣe ìṣẹ́ ni ó lé. Ìṣẹ́ kàn kó láti àdúgbò kan lọ sí òmíràn ni, ó sì máa ń burú sí i níbi tí ó kó lọ. Ìlú tí yóò rójú, tí yóò sì tọ́jọ́, ni ìlú tí ó bá ka mẹ̀kúnnù mọ́ àwọn tí ó ni ín.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí a ti rò lọ. Àlejò ni àwa gan-an ní ìlú tí a ti ń kàwé yìí. Nígbà tí àwọn Yorùbá ń dé Kánò, Kàdúná àti Jọ́ọ̀sì láyé àwọn òyìnbó, Sábóńgàrí ni ọ̀pọ̀ wọn ń wọ̀ sí, ìyẹn ni ìlú tuntun àwọn àlejò. Bákan náà ni Ìbàdàn ṣe fún àwọn Hausa ní Sábó ní ọdún 1916. Kò sí ìlú ńlá kan tí àlejò kò dá sí kíkọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá wá mọ ìyì kí á fún àlejò ní ibi tí yóò gbórí lé, àwa ni ó yẹ kí ó jẹ́.

TA NI MẸ̀KÚNNÙ ÌLÚ?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Alábàárù tí ó ń ru àpò ata ní ọjà Mile 12, bíríkìlà tí ó ń mọ ilé alájà mẹ́wàá ní Lẹ́kkí, ìyá tí ó ń ta ẹ̀wà àgányìn fún àwọn òṣìṣẹ́ báńkì, awakọ̀ dánfó àti kọ̀ńdọ́kítọ̀ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń ṣa ike àti irin ní ààtàn, obìnrin Ègùn tí ó ń yan ẹja ní Mákòkó: àwọn gan-an ni. Bí gbogbo wọn bá jókòó sílé fún ọjọ́ mẹ́ta péré, ọjà kò ní í ná, ilé kò ní í ga, oúnjẹ kò sì ní í dé orí tábìlì olówó. Kì í ṣe àìníṣẹ́ ni ó sọ ọ̀pọ̀ wọn di tálákà. Wọ́n ń ṣiṣẹ́. Owó tí iṣẹ́ náà ń mú wá ni kò tó owó tí ìlú ń bèèrè lọ́wọ́ wọn.

Ẹ ó ní, kí ni kò jẹ́ kí wọ́n gba ilé tí ó dára? Ìdí rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n a ó mú mẹ́ta.

Èkíní ni ilẹ̀. Láti ìgbà tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti jáde ní ọdún 1978, abẹ́ àṣẹ gómìnà ni gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà. Ẹni tí kò bá ní ìwé C of O, tàbí ìwé mìíràn tí ìjọba mọ̀, bí ẹni tí ó ń fìdí jókòó lórí omi ni. Gbígba ìwé náà sì ń ná ni lówó, ó ń gba àkókò, ó sì ń gba ẹsẹ̀. Bàbá kan lè ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí tí ó ni ín, kí ó gba rìsíìtì, kí ó san owó ọmọ onílẹ̀, kí ó kọ́lé, kí ó sì gbé ibẹ̀ fún 30 ọdún, síbẹ̀ kí òfin máa pè é ní ẹni tí ó gbé ẹsẹ̀ lé ilẹ̀ onílẹ̀.

Èkejì ni owó ilé. Ẹni tí ó ń gba owó iṣẹ́ ojúmọ́, tí ó ń jẹun lórí ohun tí ó rí lónìí, ni lánlọ́ọ̀dù yóò ní kí ó mú owó ọdún kan tàbí ọdún méjì wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó tún wá owó ejẹ́ǹtì àti owó àdéhùn mọ́ ọn. Ìjọba Èkó ṣe òfin ní ọdún 2011 pé kí onílé má ṣe gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin náà dára lójú ìwé. Ṣùgbọ́n ó yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó ń pa á mọ́ níbi tí ó dé kò pọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà jíjìn. Mẹ̀kúnnù kì í gbé ibi tí kò ti lè rìn dé ibi iṣẹ́, tàbí kí ó wọkọ̀ pẹ̀lú owó kékeré. Apẹja kò lè gbé orí òkè. Alágbàṣe kò lè gbé Ìkòròdú kí ó sì dé Victoria Island ní agogo mẹ́fà àárọ̀ kí wọ́n tó pín iṣẹ́ tán. Ìdí nìyí tí àdúgbò mẹ̀kúnnù fi máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdúgbò olówó. Ẹnìkejì ń wá iṣẹ́, ẹnìkíní ń wá òṣìṣẹ́.

ÌTÀN ILÉ WÍWÓ NÍ ÈKÓ

Ilé wíwó kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri ló jà ní Èkó ní ọdún 1924. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba àwọn òyìnbó ṣe dá ìgbìmọ̀ tí a ń pè ní LEDB sílẹ̀ ní ọdún 1928, kí ó lè máa tún ìlú ṣe. Ní ọdún 1955, ìgbìmọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn agboolé àtayébáyé ní àárín Erékùṣù Èkó, wọ́n sì kó àwọn tí ó ń gbé ibẹ̀ lọ sí ilé tí wọ́n kọ́ sí Sùúrùlérè.

Ilé tí wọ́n kó wọn lọ kì í ṣe ilé búburú. Ó ní yàrá, ó ní omi, ó ní ilé ìwẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀mọ̀wé òyìnbó kan tí ń jẹ́ Peter Marris lọ bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀, tí ó sì gbé ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1961, ohun tí ó rí yàtọ̀ sí ohun tí ìjọba retí. Ìyá tí ó ń tajà ní ojúde ilé rẹ̀ kò rí oníbàárà mọ́. Oníṣẹ́ ọwọ́ pàdánù àwọn tí ó ń gbéṣẹ́ fún un. Owó ọkọ̀ wọ inú ìnáwó ẹni tí ó ti ń fẹsẹ̀ rìn dé ọjà tẹ́lẹ̀. Ọmọ kò sún mọ́ ìyá ìyá rẹ̀ mọ́, arúgbó kò sì rí ẹni bù oúnjẹ fún un. Ilé ni ìjọba kà, wọn kò ka ẹbí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí agboolé jẹ́ fún Yorùbá yóò mọ ohun tí ó sọnù.

Lẹ́yìn òmìnira, ọ̀rọ̀ náà kò yí padà. Ní ọdún 1973, ìjọba àpapọ̀ kó àwọn ará abúlé Olúwọlé kúrò kí wọ́n lè rí ilẹ̀ kọ́ gbọ̀ngàn ìṣeré ńlá tí ó wà ní Ìgànmú, èyí tí a fi sọrí Wọlé Ṣóyínká ní ọdún 2024. Badia tí kò jìnnà síbẹ̀ ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ Badia sọ́kàn, nítorí a ó tún padà bá a.

Ti Màrókò ni ó tóbi jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ Victoria Island ni ó wà. Ní oṣù Keje ọdún 1990, nígbà tí Raji Rasaki jẹ́ gómìnà ológun, ìjọba fún wọn ní nǹkan bí ọjọ́ 7 láti kó ẹrù, katapílà sì dé. Àwọn tí ilé wó mọ́ lórí ni a ṣírò sí nǹkan bí 300,000. Lára ìdí tí ìjọba sọ ni pé ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀ ju òkun lọ, omi lè gbé wọn lọ. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn onílé ni wọ́n fún ní fúláàtì ní Ìlàsàn àti Ìkọtà. Ayálégbé kò rí nǹkan kan. Ẹ wo ilẹ̀ tí wọ́n ní omi yóò gbé lọ náà lónìí: ilé àwọn olówó ni ó kún ibẹ̀. Omi tí yóò gbé tálákà lọ, kí ló dé tí kò gbé olówó?

Ní oṣù Kejì ọdún 2013, katapílà padà sí Badia. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, nǹkan bí 9,000 ènìyàn di aláìnílé. Ohun tí ó ń dunni níbẹ̀ ni pé Badia wà lára àwọn àdúgbò tí ìjọba Èkó fẹ́ fi owó tí ó yá lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé tún ṣe. Lẹ́yìn tí wọ́n wó o tán, wọ́n ní fúláàtì tí ó lé ní 1,000 ni àwọn fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Iye rẹ̀ sì kọjá agbára àwọn tí wọ́n lé kúrò. Àwọn tí wọ́n lé ní Olúwọlé ní ọdún 1973, ọmọ wọn ni wọ́n tún lé ní Badia lẹ́yìn 40 ọdún.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, ó kan Otodo-Gbame, àdúgbò àwọn apẹja Ègùn ní etí ọ̀sà Lẹ́kkí. Ilé-ẹjọ́ ti pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe wó o, síbẹ̀ wọ́n wó o. Wọ́n tún padà síbẹ̀ ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin ọdún 2017. Nǹkan bí 30,000 ènìyàn ni ó gbé ibẹ̀ rí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Èkó dá ẹjọ́ pé lílé ènìyàn kúrò nílé láìsí ìkìlọ̀ tí ó tó, láìsì pèsè ibòmíràn fún un, lòdì sí iyì ẹ̀dá tí òfin orílẹ̀-èdè wa fún oníkálukú. Ẹjọ́ pàtàkì ni. Kò bá ti dára jù bí wọ́n bá tẹ̀lé e.

Kí àwa tí a wà lókè odò Ọya tàbí ní ìhà ìlà-oòrùn má sì rò pé ti Èkó nìkan ni. Láàárín ọdún 2003 sí 2007, ilé àwọn tí ó tó 800,000 ni àjọ kan ṣírò pé wọ́n wó ní Àbújá. Ní ọdún 2009, wọ́n wó àdúgbò Njemanze ní etí omi Port Harcourt. Bí a ṣe ń ṣe é nílé náà ni a ń ṣe é lájò.

IBO NI WỌ́N Ń KÓ LỌ?

Ẹ jẹ́ kí á tẹ̀lé ìyá kan tí wọ́n wó ilé rẹ̀, kí á wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Kò padà sí abúlé, nítorí iṣẹ́ kò sí níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ ni yóò lọ, ní àdúgbò bí èyí tí wọ́n wó. Yàrá tí ènìyàn mẹ́rin ń sùn sí di ti ènìyàn mẹ́sàn-án. Ṣaláńgá kan tí ilé mẹ́ta ń lò di ti ilé mẹ́fà. Ọmọ rẹ̀ kò lọ sílé ìwé mọ́ ní sáà yẹn. Àjọ tí ó ń dá pẹ̀lú àwọn aládùúgbò rẹ̀ túká, torí kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí alájọ wà. Páànù àti páákó tí ó fi ọdún 10 rà díẹ̀díẹ̀ ti di ìgbọ́kùúgbọ́.

Nígbà tí ó bá fi máa tún gbéra, ọdún mélòó ni yóò ti lọ? Ẹ sì rántí pé gbogbo ohun tí ó pàdánù náà, ọrọ̀ ìlú ni. Ìlú ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ ilé tí kò náwó kọ́, nígbà tí ilé tí ó wà nílẹ̀ kò tó. Nígbà ìjọba Lateef Jakande, láàárín ọdún 1979 sí 1983, Èkó kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé olówó pọ́ọ́kú fún mẹ̀kúnnù, orúkọ rẹ̀ sì wà lára àwọn ilé náà títí di òní. Ṣùgbọ́n kò sí ìjọba kan tí ó lè kọ́lé tó bí àwọn mẹ̀kúnnù fúnra wọn ti ń kọ́ ọ. Wíwó èyí tí wọ́n ti kọ́ kò lè jẹ́ ọ̀nà tí a ó fi bo àìtó ilé.

TÁLÁKÀ NI Ó Ń SANWÓ JÙ

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ọ̀fẹ́ ni àwọn mẹ̀kúnnù ń jẹ ní ìlú. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Ẹ wo omi. Ẹni tí ẹ̀rọ omi ìjọba dé ilé rẹ̀ ń sanwó díẹ̀ fún omi tí ó pọ̀. Ẹni tí ẹ̀rọ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ń ra ti mẹ́rúwà ní kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ó ra píọ́ wọ́tà. Bí a bá ṣírò rẹ̀ ní lítà kan sí lítà kan, owó tálákà ju ti olówó lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni iná, tí ó ń rà gẹ́gẹ́ bí epo jẹnẹrétọ̀ inú ìgò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ata, ìrẹsì àti òróró, tí ó ń rà ní wẹ́wẹ́ nítorí pé kò ní owó tí ó lè fi ra púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn ni pé owó wà lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù tí ìlú lè fi gbé omi àti iná dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ àwọn alágbàtà ni owó náà ń kó sí.

Ẹ sì wo ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó. Gọ́tà tí ó dí ní ẹ̀yìn ilé tálákà ni omi òjò rẹ̀ ń ya wọ ilé olówó. Àrùn kò mọ GRA. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, nígbà tí onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, Etí-Ọ̀sà tí Lẹ́kkí àti Victoria Island wà nínú rẹ̀ wà lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ó kọ lù. Ní ìdà kejì, àwọn tí a ń pè ní ọmọ ààtàn ni ó ń ṣa ike, páálí àti irin tí àwọn iléeṣẹ́ ń sọ dọ̀tun. Bí a bá sọ pé a fẹ́ ìlú tí kò ní ba ayé jẹ́ fún àwọn ọmọ tí a kò tíì bí, àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti ń ṣe iṣẹ́ náà kí á tó fún un lórúkọ.

OHUN TÍ A RÍ NÍ ÌLÚ MÌÍRÀN

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ẹ jẹ́ kí á wo ìlú méjì tí ìṣòro wọn jọ tiwa.

Èkíní ni Karachi ní orílẹ̀-èdè Pakistan. Àdúgbò mẹ̀kúnnù ńlá kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Orangi, tí kò ní ojú ọ̀nà ìgbẹ́ àti omi ìdọ̀tí. Àárín ọ̀nà ni gbogbo rẹ̀ ń ṣàn sí. Ní ọdún 1980, bàbá ọlọgbọ́n kan tí ń jẹ́ Akhtar Hameed Khan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Kò gbé owó wá. Ohun tí ó ṣe ni pé ó jókòó ti àwọn ará ibẹ̀, ó sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n lè ṣe fúnra wọn. Wọ́n fi ẹnu kò pé kí àwọn onílé tí wọ́n wà ní ojúlé kan náà yan olórí, kí wọ́n dá owó jọ, kí wọ́n sì ri páìpù sí iwájú ilé wọn. Àwọn ọ̀mọ̀ràn tí ó wà lọ́dọ̀ Khan wọn ilẹ̀ fún wọn, wọ́n ya àwòrán, wọ́n sì kọ́ wọn ní bí a ṣe ń da kọnkéré. Ìjọba ni kí ó ṣe páìpù ńlá tí gbogbo ti ojúlé yóò ṣàn sí.

Nítorí pé kò sí èrè kọngílá nínú rẹ̀, tí kò sì sí rìbá, iye tí ó ná wọn kéré gan-an sí iye tí ìjọba ìlú fi ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ilé tí ó jàǹfààní rẹ̀ ju 90,000 lọ. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe pé kí ìjọba fi mẹ̀kúnnù sílẹ̀ kí ó máa ṣe ohun gbogbo. Ó jẹ́ pé kí oníkálukú ṣe èyí tí apá rẹ̀ ká: ará ojúlé ṣe ti ojúlé, ìjọba ṣe ti ìlú.

Èkejì ni Nairobi ní Kenya. Àdúgbò mẹ́ta kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní Mukuru, nǹkan bí 100,000 ìdílé ni ó ń gbé ibẹ̀. Ilẹ̀ wọn ti di ti àwọn mìíràn lórí ìwé, ewu katapílà sì ń bẹ lórí wọn nígbà gbogbo. Àwọn ará Mukuru kò jókòó. Wọ́n dá ẹgbẹ́ alájọ sílẹ̀, wọ́n ka ara wọn láti ilé dé ilé, wọ́n sì kọ iye tí oníkálukú ń san fún omi àti iná sílẹ̀. Àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bá wọn ya àwòrán ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ìwé náà síwájú ìjọba ìlú, ó hàn gbangba pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń sanwó, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ìjọba Nairobi kéde Mukuru gẹ́gẹ́ bí ibi tí a gbọ́dọ̀ ṣe ètò àrà ọ̀tọ̀ fún. Láti ilé mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ti ń yan aṣojú tí yóò sọ bí ọ̀nà, omi àti ilé ìwòsàn yóò ṣe rí.

A kò sọ pé ohun gbogbo rójú ní Mukuru. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, wọ́n ṣì wó ilé púpọ̀ níbẹ̀ nítorí ojú ọ̀nà mọ́tò. Ṣùgbọ́n ibi tí a ti ka ènìyàn, tí a ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kò rọrùn láti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbé ibẹ̀ rí.

ÈSÌ SÍ ÀWỌN TÍ KÒ FARA MỌ́ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ

Ẹnì kan lè bi wá pé: ẹni tí ó kọ́lé sábẹ́ wáyà iná ńlá ńkọ́? Ẹni tí ó kọ́lé dí ojú àgbàrá ńkọ́? Ìbéèrè tí ó mọ́gbọ́n dání ni. Àwọn ibì kan wà lóòótọ́ tí ènìyàn kò lè máa gbé, nítorí ẹ̀mí rẹ̀ àti ẹ̀mí ọmọnìkejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà láti gbà ṣe é. Kí á sọ fún un ṣáájú, kì í ṣe ọjọ́ 7 ṣáájú. Kí á fún un ní ibòmíràn tí kò jìnnà sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Kí á ka ayálégbé mọ́ ọn, kì í ṣe lánlọ́ọ̀dù nìkan. Kí á sì má ṣe fi ilẹ̀ tí a ní ó léwu fún tálákà kọ́lé fún olówó lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Ẹlòmíràn a ní bí a bá tún Èkó ṣe fún tálákà, tálákà Nàìjíríà tó kù yóò wọ́ tọ̀ ọ́. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí gọ́tà, arákùnrin. Iṣẹ́ ni ó ń pè wọ́n. Wọn yóò wá, yálà gọ́tà wà tàbí kò sí. Ohun tí ó kù ni kí á mọ̀ bóyá nínú ìdọ̀tí ni a fẹ́ kí wọ́n gbé.

KÍ NI KÍ ÌJỌBA ṢE?

Ní ṣókí, àwọn ohun tí a rò pé ó lè ṣe é ṣe nìyí:

1. Kí ìjọba fún àwọn tí ó ti pẹ́ ní àdúgbò kan ní ìwé tí yóò fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀, ì báà má jẹ́ C of O. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé wọn kò ní lé òun lọ́la ni yóò fi búlọ́ọ̀kù rọ́pò páákó.

2. Kí omi, gọ́tà àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣáájú ilé àràbarà. Ará àdúgbò lè kọ́ ilé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá ri páìpù ńlá.

3. Kí ọkọ̀ èrò pọ̀, kí ó sì rọ̀ lówó. Bọ́ọ̀sì BRT tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2008 àti ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ná Marina sí Mile 2 ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 jẹ́ ohun rere. Ó kù kí wọ́n dé ibi tí mẹ̀kúnnù ń gbé, kí owó wọn má sì lé ẹni tí ó nílò wọn jù padà sínú dánfó.

4. Kí àwọn ará àdúgbò ní aṣojú níbi tí a ti ń ṣe ètò ìlú: ayálégbé, obìnrin ọlọ́jà àti àlejò pẹ̀lú, kì í ṣe Báálẹ̀ àti ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù nìkan.

5. Kí a bọ̀wọ̀ fún ẹjọ́ ọdún 2017. Ìjọba tí kò tẹ̀lé òfin kò lè sọ pé arúfin ni ẹni tí ó kọ́ ilé páákó.

ÀWA ŃKỌ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní katapílà, kò sì ní àṣẹ gómìnà. Síbẹ̀, ohun tí a lè ṣe wà. Lọ́la, àwa ni a ó di sàfíọ̀, amòfin, ẹnjiníà, dókítà, akọ̀ròyìn àti òṣìṣẹ́ ìjọba. Nínú wa ni ẹni tí yóò fi ọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n wó àdúgbò kan yóò ti jáde. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹ jẹ́ kí á kọ́ bí a ṣe ń wo ènìyàn kí á tó wo ilé rẹ̀.

Àwọn tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìwọ̀n ilẹ̀ àti ètò ìlú lè bá àwọn ará àdúgbò tí ó yí ọgbà wa ká ya àwòrán ojú ọ̀nà àti gọ́tà wọn, bí àwọn ti Nairobi ti ṣe. Ìwé tí ẹ ń kọ kí ẹ tó gboyè jáde, ẹ lè gbé e ka orí owó omi ní àdúgbò kan dípò kí ẹ da ti àná kọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òfin lè ṣàlàyé ẹjọ́ ọdún 2017 ní èdè tí ìyá alákàrà yóò gbọ́. Ẹgbẹ́ kan tilẹ̀ ti wà, Nigerian Slum/Informal Settlement Federation, tí àwọn mẹ̀kúnnù fúnra wọn dá sílẹ̀ ní Èkó, Àbújá àti Port Harcourt. Wọ́n ń ka ara wọn, wọ́n ń dá àjọ, wọ́n sì ń gbèjà ara wọn ní ilé-ẹjọ́. Irú wọn kò kọ ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ní ìparí, bí orí bá ń fọ́ ènìyàn, oògùn ni a ń wá sí i. A kì í gbé àdá. Orí tí ó ń fọ́ Èkó, Àbújá àti ìlú ńlá gbogbo ni ilé tí kò tó, omi tí kò dé, àti ilẹ̀ tí ìwé rẹ̀ wọ́n jù. Bí wọ́n bá tún gbé katapílà jáde ní ìlú kan tí a wà, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe pàtẹ́wọ́ kí ó tó bèèrè ibi tí àwọn tí ó ń gbé ibẹ̀ máa sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ire o.